Kẹ́hìndé kò mọ̀ọ́mọ̀ tọ̀ sílé

*Ìjàgbó ni mo ń gbé. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún méje, Táíwò obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin. Láti ìgbà tí Táíwò ti pé ọdún mẹ́ta ni kò ti tọ̀ sílé mọ́, ṣùgbọ́n kò sí òru kan tí Kẹ́hìndé kì í tọ̀. Mo ti nà án. Mo ti ní kó máa gbé ẹní rẹ̀ jáde lójú àwọn ọmọ àdúgbò. Bàbá rẹ̀ a máa fi Táíwò bú u. Ìyá ọkọ mi wá ní ká wá ọ̀pọ̀lọ́ so mọ́ ọn ní bèbè ìdí. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì.*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má so ọ̀pọ̀lọ́ kankan mọ́ ọmọ yẹn. Mo rí i nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n so ó mọ́ ọmọkùnrin kan nídìí, àwa ọmọ yòókù ń tẹ̀ lé e kiri, a ń kọrin sí i. Lóru ọjọ́ náà, ẹ̀rù kò jẹ́ kó sùn, nítorí náà kò tọ̀. Àwọn àgbà ní oògùn ti jẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó tún tọ̀, ó sì ká ẹní tútù rẹ̀, ó fi pamọ́ sẹ́yìn ilé. Ohun tí ọ̀pọ̀lọ́ kọ́ ọ kò ju bí èèyàn ṣe ń fi ìtọ̀ pamọ́ lọ.

Ọmọ tó ti sùn lọ fọnfọn kò mọ ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe. Lóru, ó yẹ kí kíndìnrín dín ìtọ̀ kù, kí àpò ìtọ̀ lè gba èyí tó bá wọ inú rẹ̀, kí ọpọlọ sì jí ọmọ nígbà tó bá kún. Àwọn ọmọ kan wà tí nǹkan mẹ́ta yìí kì í tètè bára mu nínú wọn. Nínú 100 ọmọ ọdún márùn-ún, nǹkan bíi 15 ló ṣì ń tọ̀ sílé, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dọọdún, nǹkan bíi 15 nínú 100 àwọn tó ń tọ̀ ni yóò jáwọ́ fúnra wọn. Ó tún máa ń ti inú ẹbí wá: bí ọ̀kan nínú òbí bá tọ̀ sílé rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó lè ṣe é. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi ìyá ọkọ yín pé ọmọ ọdún mélòó ni bàbá àwọn ìbejì nígbà tó jáwọ́. Bó bá jẹ́ pé òun náà ṣe é rí, kó pe Kẹ́hìndé sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sọ fún un fúnra rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀ lọ́jọ́ tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn jẹ́nẹ́rà Ọ̀fà, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ sọ fún dókítà bí ìtọ̀ bá ń ta á, bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́ lódìlódì tó sì ń rù, nítorí àtọ̀gbẹ máa ń mú ọmọdé náà. Ẹ sọ bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá máa ń le, torí ìgbẹ́ tó dì sínú a máa tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ sọ jẹnótáìpù rẹ̀ pẹ̀lú. Kíndìnrín ọmọ tó jẹ́ SS kì í lè dá omi dúró bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń tọ̀ sílé, tí àwa sì ń nà wọ́n lórí àìsàn. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò kọ̀wé fún yín lọ sí ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òsè.

Bí àyẹ̀wò kò bá rí àìsàn kankan, iṣẹ́ kàn yín nílé. Ẹ má fi omi du ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í mu omi tó nílé ìwé, wọ́n á ti ilé ìwé kọjá sí ilé kéwú, ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni wọ́n á wá máa gbé omi mu bí ẹni tó ti oko dé. Ẹ jẹ́ kó mu omi dáadáa láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kó wá dín in kù ní wákàtí kan tàbí méjì kó tó sùn. Kó má mu tíì tàbí kóòkì lálẹ́. Ibo sì ni ilé ìyàgbẹ́ yín wà? Bó bá jẹ́ ẹ̀yìnkùlé, tí iná kò sí, ọmọ ọdún méje kò ní dìde lọ síbẹ̀ lóru, bó tilẹ̀ jí. Ẹ gbé póò sínú yàrá, kí tọ́ọ̀ṣì wà nítòsí rẹ̀.

Ẹ fún un ní kàlẹ́ńdà kan àti báírò. Lálẹ́ tó bá mu omi rẹ̀ bó ṣe yẹ, tó sì lọ tọ̀ kó tó sùn, kó fa àmì sí ọjọ́ náà. Ẹ ṣàkíyèsí o, mi ò sọ pé ọjọ́ tó bá jí lórí ẹní gbígbẹ. Ẹní gbígbẹ kò tíì sí níkàáwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n lílọ tọ̀ kó tó sùn wà níkàáwọ́ rẹ̀. Bí àmì bá pé márùn-ún, kó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ jáde, òun nìkan, láìsí Táíwò. Àárọ̀ tí ẹní bá tutù, ẹ jọ sá a, kí ẹ má sọ nǹkan kan.

Ẹ̀rọ kan wà tí tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà, O. Hobart Mowrer àti Willie Mae Mowrer, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1938. Bí ìtọ̀ bá ti kán sí i, aago rẹ̀ á dún, ọmọ á jí, á lọ parí ìtọ̀ rẹ̀. Títí dòní, nǹkan bí ọmọ méjì nínú mẹ́ta tó bá lò ó fún oṣù méjì sí mẹ́ta ló máa ń gbẹ. Kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà. Jíjí ọmọ lóru lè gba ẹní là, àmọ́ kì í kọ́ ara rẹ̀ láti jí fúnra rẹ̀.

*Télọ̀ ni mí, ní Ìjàgbó níbí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, a máa ju ara rẹ̀ sílẹ̀ l'Ọ́jà Ọwọ́dé bí a kò bá ra bisikíìtì. Bí mo bá ní kí wọ́n má rà á, màmá mi á ní n kò láàánú.*

Ọmọ yín kò burú, ó gbọ́n ni. Ó ti rí i pé ẹkún ló ń ra bisikíìtì. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ kọ̀ fún un, ẹkún yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí yóò rò pé òun kò tíì ké tó. Bí ẹ bá wá rà á nígbà náà, ẹ ti kọ́ ọ pé kó máa ké pẹ́.

Ní 1959, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Carl Williams kọ ìtàn ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún méjì, tó ti ṣàìsàn púpọ̀. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá fẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lálẹ́ kó tó sùn, á figbe ta. Ara rẹ̀ ti yá pátápátá nígbà tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn á tẹ́ ẹ, àwọn á sì jáde, àwọn kò ní padà wọlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ké fún ìṣẹ́jú 45. Nígbà tó di ìgbà kẹwàá, ẹ̀rín ló ń rín bí wọ́n ṣe ń jáde. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àǹtí rẹ̀ kan tẹ́ ẹ, ó ké díẹ̀, àǹtí padà wọlé, ó dúró títí tó fi sùn. Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ màmá yín gan-an ni mò ń sọ. Nínú agbo ilé wa, ọmọ kì í ṣe ti ẹnì kan, nítorí náà ẹ má bá màmá jà. Ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ ní kí bisikíìtì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ni yóò máa fún un, nígbà tó bá rìn jẹ́ẹ́ nínú ọjà, kó má jẹ́ nígbà tó bá wà nílẹ̀. Ẹ fún un lóúnjẹ kí ẹ tó jáde. Bó bá ṣubú lulẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mọ́tò àti ọ̀kadà kò ti ní gbá a, ẹ dúró tì í, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má nà án. Bó bá ti dákẹ́, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ máa lọ. Lọ́jọ́ tó bá sì jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì yín, ẹ gbé orí sókè kúrò lórí aṣọ, kí ẹ yìn ín.

*Ọmọ mi, ọmọ ọdún méjì, ń fa àtàǹpàkò. A fi ata pa á lọ́wọ́.*

Kò tíì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ á jáwọ́ fúnra wọn láàárín ọmọ ọdún méjì sí ọmọ ọdún mẹ́rin. Bó bá kọjá ọdún mẹ́rin, ẹ kọ̀wé sí mi padà, nítorí ti eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ fọ ata yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kó tó fi nu ojú.