Ìṣọ́ Yàtọ̀ sí Ààbò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tó bá ti ná Ọjà Relief l'Onitsha rí mọ̀ pé ọjà ńlá ò lè ṣe kó má ní ọdẹ. Ní 2000, olè fẹjú mọ́ àwọn oníṣòwò ìlú náà débi pé wọ́n pe Bakassi Boys wá. Olè rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn tí wọ́n pè yìí ń pa èèyàn láìgbé e dé kóòtù. Ìṣọ́ wà, ààbò dà?

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Funmi Olonisakin fi ṣe iṣẹ́, àmọ́ tiẹ̀ dé ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ifẹ̀ ló ti kàwé kó tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nípa ẹ̀kọ́ ogun ní King's College, London, níbi tó ti wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ààbò. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 2000 dá lórí ECOMOG, tó wọ Làìbéríà ní 1990 (àwọn sójà wa ló pọ̀ jù níbẹ̀ o!): òfin wo ló gbé wọn débẹ̀? Ó tún ṣiṣẹ́ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ogun ká mọ́. Èyí ló wú mi lórí jù.

Fún ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ kọ gbólóhùn méjì wá: ọ̀kan pẹ̀lú "ìṣọ́", ọ̀kan pẹ̀lú "ààbò".