Omi Ni Wọn Kò Ní

Ní nǹkan bí ọdún 1840, bí ẹ bá wọ àdúgbò àwọn tálákà ní Liverpool, ìlú èbúté ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbàlá tóóró tí ilé yí ká lẹ óò bá. Ilé kọ ẹ̀yìn sí ilé, ògiri kan náà ni wọ́n jọ ń lò, atẹ́gùn kò ríbi gbà já. Ṣáláńgá kan tàbí méjì ni gbogbo ará àgbàlá ń lò, ibi ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń tò sí. Àwọn tí apá wọn kò ká owó irú ilé bẹ́ẹ̀ ń gbé nínú yàrá tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilé ẹlòmíràn. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀gbin àgbàlá a ṣàn wọlé bá wọn níbi tí wọ́n sùn sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gbé bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọkùnrin ń ru ẹrù ní èbúté, obìnrin ń fọṣọ fún olówó. Liverpool gan-an ni ọ̀pọ̀ epo pupa tí àwọn oníṣòwò ń rà ní etíkun tiwa ń gúnlẹ̀ sí, tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Ọṣẹ wà, omi tí wọn óò fi lò ó ló wọ́n. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń ta omi, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣí i, kì í ṣe lójoojúmọ́. Ta ni yóò fi garawa omi tó tò fún fọ aṣọ, nígbà tí kò tíì dáná?

Ní 1842, Edwin Chadwick, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, tẹ ìròyìn kan jáde lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní bí a bá ro ọjọ́ orí àwọn òṣìṣẹ́ tó kú ní Liverpool àti ti ìdílé wọn pọ̀, tí a pín in dọ́gba, ọdún 15 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn ọlọ́lá ìlú náà jẹ́ 35. Kì í ṣe pé ọmọ ọdún 15 ni gbogbo wọn ń kú o. Àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń kú ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àrùn onígbáméjì ti jà níbẹ̀ ní 1832. Inú ìgbẹ́ aláìsàn ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà dé inú omi, àti láti inú omi dé ẹnu ẹlòmíràn. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru a fa omi ara tán, ẹni tó jí dáadáa láàárọ̀ lè kú kílẹ̀ tó ṣú. Òórùn burúkú ni àwọn dókítà ìgbà náà ń dá lẹ́bi. Ó di 1854 kí dókítà kan, John Snow, tó tọpa ikú dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ní kí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà.

Ṣùgbọ́n ní Liverpool, ní 1832 yẹn, obìnrin kan tó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí, Kitty Wilkinson, ní ìkòkò ńlá tó fi ń se omi nínú ilé rẹ̀. Ó ní kí àwọn aládùúgbò kó aṣọ àti aṣọ ìbùsùn àwọn aláìsàn wá, kí wọ́n san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Wọ́n kó o wá lóòótọ́: aṣọ tí èébì ti gbẹ mọ́, aṣọ tí ènìyàn kú lé lórí. Wọ́n fi omi gbígbóná àti oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́. Kitty kò gbọ́ nípa kòkòrò rí, síbẹ̀ omi tó ń hó ń pa wọ́n. Àwọn kan wà nígbà náà tó ń sọ pé ìdọ̀tí ló wu tálákà. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ì bá wá sílé Kitty?

Ìlú fi ohun tí Kitty ṣe kọ́gbọ́n. Ní 1842 wọ́n ṣí ilé ìwẹ̀ àti ìfọṣọ fún gbogbo ènìyàn ní Frederick Street. Nígbà tó yá, Kitty àti Tom ọkọ rẹ̀ di alábòójútó rẹ̀. Ní 1847, Liverpool yan William Duncan ṣe dókítà ìlera ìlú, ìlú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. James Newlands, ẹnjiníà ìlú, bẹ̀rẹ̀ sí ri ọ̀pá ẹ̀gbin mọ́lẹ̀.

Àwọn aláṣẹ tún ń lé àwọn ènìyàn kúrò nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ó dára, àmọ́ wọn kò pèsè ibòmíràn fún wọn, ni wọ́n bá lọ há ara wọn mọ́ àgbàlá tó ti kún tẹ́lẹ̀. Nínú ohun gbogbo tí ìlú náà ṣe, èyí ló dùn mí jù. Ó di 1869 kí Liverpool tó fi owó ìlú kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n sọ ní St Martin's Cottages.