Ọmọdé Kì í Ṣe Àgbàlagbà Kékeré



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti pẹ́ díẹ̀, mo ra ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì fún àwọn ọmọ mi méjì. Mo da ìgò kan sínú ife gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹ̀gbọ́n, mo da èkejì sínú ife kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ fún àbúrò. Lójú ẹsẹ̀ ni àbúrò, ẹni ọdún márùn-ún, bú sẹ́kún. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun pọ̀ ju ti òun lọ. Mo fi ìgò méjèèjì hàn án pé ọgbọọgba ni wọ́n, kò gbà. Mo pè é ní olójúkòkòrò, mo sì nà án. Ẹkún ni ó sun títí oorun fi gbé e lọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọmọ náà kò ṣe ojúkòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni kò purọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó sọ. Èmi tí mo jẹ́ àgbà ni n kò mọ̀ pé òye ọmọdé ní ìgbà àti àkókò tirẹ̀. Nítorí èyí ni ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí ṣe dá lórí bí òye ọmọ ti ń dàgbà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ jùlọ ni Jean Piaget, tí a bí ní ilẹ̀ Switzerland ní ọdún 1896, tí ó sì kú ní ìlú Geneva ní ọdún 1980. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó ṣiṣẹ́ ní Párísì níbi tí wọ́n ti ń fi ìbéèrè dán òye àwọn ọmọ ilé-ìwé wò. Àwọn ìdáhùn tí ó tọ̀nà ni wọ́n ní kí ó máa kà, ṣùgbọ́n àwọn tí kò tọ̀nà ni ó gba ọkàn rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra a máa ṣi ìbéèrè kan náà gbà ní ọ̀nà kan náà. Ó wá rí i pé àṣìṣe ọmọdé kì í ṣe ìwà òmùgọ̀, pé ó ní ètò tirẹ̀.

Piaget pẹ̀lú àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ bu omi sínú ife méjì tí ó bára mu, ọmọ sì gbà pé wọ́n dọ́gba. Wọ́n da ọ̀kan sínú ife gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ọmọ náà. Èyí tí kò ì tíì tó ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje sábà máa ń sọ pé omi inú ife gígùn ti pọ̀ sí i. Gíga omi nìkan ni ó ń wò; kò tíì lè fi fífẹ̀ ife mọ́ ọn kí ó gbé méjèèjì wọ̀n pọ̀. Nígbà tí mo kà á, ẹkún ọmọ mi ni mo gbọ́.

Piaget pín ìdàgbàsókè òye sí ọ̀nà mẹ́rin. Láti ìgbà ìbí títí di nǹkan bí ọdún méjì, ọwọ́, ẹnu àti ojú ni ọmọ fi ń mọ ayé. Láti ọdún méjì dé méje, ọ̀rọ̀ àti àwòrán inú ọkàn gbilẹ̀. Igi lè di ẹṣin, ṣùgbọ́n ohun tí ó hàn sójú ni ó ń borí. Láti ọdún méje dé nǹkan bí mọ́kànlá, ọmọ lè rò ó dáadáa bí ohun tí ó ń rò bá jẹ́ èyí tí a lè fọwọ́ bà. Lẹ́yìn èyí ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ohun tí ojú kò rí. Ẹ kò ní ṣàì rántí pé ní ọdún 1910, Póòpù Pius Kẹwàá fi nǹkan bí ọdún méje ṣe ìgbà tí ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í lo òye tí ó tó láti gba Ara Olúwa.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ ọjọ́ orí wọ̀nyí di odi. Ní ọdún 1978, Margaret Donaldson ti Edinburgh fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé bí a bá bi ọmọ kékeré ní ìbéèrè ní ọ̀nà tí ó bá ìgbé ayé rẹ̀ mu, ó lè dáhùn ju bí Piaget ti rò lọ.

Ẹlòmíràn ni Dókítà Maria Montessori, oníṣègùn ọmọ Ítálì. Ní ọjọ́ Ìfihàn Olúwa, 6 Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1907, ó ṣí Ilé Àwọn Ọmọdé ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù. Ní ọjọ́ kan ó rí ọmọbìnrin ẹni nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí ó ń ki àwọn igi kéékèèké bọ ihò tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sórí tábìlì, àwọn ọmọ yòókù ń kọrin, síbẹ̀ kò gbójú sókè. Ó ṣe é ju ogójì ìgbà lọ kí ó tó dá ọwọ́ dúró, inú rẹ̀ sì dùn. Montessori kọ́ wa pé eré tí a ń bá ọmọ wí lé lórí lè jẹ́ iṣẹ́ tí òye rẹ̀ ń ṣe.

Ẹni kẹta ni Lev Vygotsky ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí òun náà wá sáyé ní ọdún 1896, ṣùgbọ́n tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ní ọdún 1934. Ó ní kí a má wo ohun tí ọmọ lè dá ṣe nìkan, kí a wo ohun tí ó lè ṣe bí àgbà bá ràn án lọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Àwọn ìyá wa mọ èyí nínú irun dídì. Ìyá a la irun ní ọ̀nà, a bẹ̀rẹ̀ ìdí rẹ̀, a sì ní kí ọmọ di èyí tí ó kù. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Vygotsky sọ pẹ̀lú pé èdè ni irinṣẹ́ ìrònú ọmọ. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún odindi ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kí òbí tí ń fi ìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá nílé tún un rò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun mẹ́ta lọ sílé. Èkínní, bí ọmọ bá ṣìṣe, kí a kọ́kọ́ bi í léèrè bí ó ti rò ó, kí ọwọ́ tó kan pàṣán. Èkejì, bí ó bá tẹra mọ́ ohun kan tí kò léwu, kí a jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a ràn án lọ́wọ́ níbi tí agbára rẹ̀ pin sí, kí a má gba iṣẹ́ náà ṣe.

Kò sí ẹni tí ó ní kí a má bá ọmọ wí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n ìbáwí wà fún ìwà búburú, kò wà fún òye tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Ọmọ mi ọjọ́sí ti di bàbá ọmọ. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rántí. Èmi kò gbàgbé. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní sùúrù.