Bí a ṣe ń ya igi gawo Sókótó nígbà ọyẹ́

Àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni kí ẹ lọ yà á. Lásìkò òjò, gawo á ti wọ́wé dànù, á dúró níhòòhò láàárín jéró àti ọkà bàbà. Òjò á lọ tán kó tó tún wọ ewé, nígbà tí ọ̀pọ̀ igi yòókù ń gbẹ. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi ń dá a sí lóko: kì í ṣíji bo ohun ọ̀gbìn, ewé rẹ̀ tó bọ́ sì ń sọ ilẹ̀ dọlọ́ràá.

Oko olóko ni, ẹ kọ́kọ́ kí àgbẹ̀. "Sannu da aiki" (ẹ kú iṣẹ́, lédè Haúsá) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ má kọjú pátákó àwòrán yín sí inú ilé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dà olóróró ni kí ẹ gbé lọ. Èyí tí wọ́n ń fi omi pò á ti gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Funfun, yẹ́lò tó jọ yẹ̀pẹ̀, pupa, búlúù dúdú àti buráùn ti tó. Ẹ fi àwọ̀ ewé sílé. Ẹ ti fi yẹ́lò àti pupa díẹ̀ kun pátákó láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kó lè gbẹ. Àwọ̀ ilẹ̀ oko nìyẹn, ẹ ó jẹ́ kó yọ níbi púpọ̀.

Ẹ débẹ̀ bí oòrùn bá ti ń yọ. Ẹ di ojú díẹ̀, kí ẹ má baà rí ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi buráùn fẹ́ẹ́rẹ́ fa ilà ilẹ̀, orí igi àti òjìji. Ẹ ya òjìji náà tán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ má sì tún un ṣe mọ́ bí oòrùn ti ń yí.

Ewé ló le jù. Ìdánwò yìí kan náà ni igi ólífì fi kan àwọn ayàwòrán tó lọ sí Ítálì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: ewé tó jọ eérú ju koríko lọ. Ẹ po búlúù mọ́ yẹ́lò, ẹ fi funfun sí i, lẹ́yìn náà ẹ fi pupa bíńtín pa á lójú. Bó bá ṣì ń tàn, ẹ fi pupa sí i. Apá tí oòrùn ń bà, ẹ fi funfun kún un. Abẹ́ igi, ẹ fi búlúù àti buráùn. Marianne North, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1830, máa ń gbé ọ̀dà olóróró lọ bá igi níbi tó hù sí. Àwòrán rẹ̀ tó lé ní 800 wà nílé tí wọ́n ṣí fún un nínú ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1882. Mo gbà pé ọ̀nà rẹ̀ ló tọ́, nítorí àwọ̀ eérú yìí kì í dúró nínú fọ́tò.

Ojú ọ̀run kì í ṣe búlúù lásìkò yìí. Funfun tí ẹ fi yẹ́lò kàn ni. Òun náà ni kí ẹ fi bu ihò sáàárín ewé, torí gawo kì í dí pinpin. Èso rẹ̀ tó ká kò, tó pọ́n bí ọsàn, ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹran ọ̀sìn ti máa jẹ ìyókù.

Ẹ dáwọ́ dúró bí òjìji bá ti kúrú. Ẹ gbé pátákó náà sínú àpótí tó ní ìdérí kí ẹ tó kúrò lóko, torí eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù.