Bátìrì Kọ́ Ló Jẹ̀bi: Ẹ̀kọ́ Lórí Iná Lọ́rì Ológun Àtijọ́

 

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù mẹ́ta yìí, a fẹ́ fi ìwé owó sílẹ̀ díẹ̀, kí a sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ ẹgbẹ́. Kì í ṣe pé iṣẹ́ alábẹ̀wò ti di iṣẹ́ rìwáyà. Ìwé owó gan-an ni ó mú wa dé ìdí ẹnjìnnì.

Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja kan wà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Wọ́n pawọ́ pọ̀ ra lọ́rì ológun àtijọ́ kan, Bedford MK, tí ó ń kó ẹja láti ọjà Olúwo lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìkòròdú. Nígbà tí a ṣí ìwé owó wọn, a rí i pé wọ́n ti ra bátìrì mẹ́fà láàárín oṣù mẹ́rìnlá. Rìsíìtì pé, ìbuwọ́lùwé pé, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò balẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé akápò àti ẹni tí ń ta bátìrì jọ ń pín owó ni. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n ti fẹ́ yọ akápò nípò ní ìpàdé gbogboogbò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, lọ́rì náà kọ̀, kò ṣíná. Ẹja wà nínú rẹ̀, yìnyín orí ẹja sì ń yọ́.

A bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ méjì. A pe rìwáyà kan tí ó mọṣẹ́, a yá mítà, a sì tọ ọ̀nà tí a fẹ́ fi hàn yín yìí.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A KỌ́KỌ́ MỌ̀

Lọ́rì Bedford kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ti ológun yàtọ̀. Àwọn ológun Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe Bedford MK fún, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, fóltì 24 sì ni iná rẹ̀, kì í ṣe fóltì 12 bíi ti ọkọ̀ kékeré. Bátìrì méjì ni ó ń gbé, fóltì 12 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà nípọn kan so orí pọ́sítíìfù ti ọ̀kan mọ́ orí nẹ́gétíìfù ti èkejì, agbára àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan.

Èrè rẹ̀ ni pé iná tí ń gba inú wáyà kọjá ń dín kù sí ìdajì. Gílóòbù wáàtì 60 ń fa ámpíà 5 lórí fóltì 12. Lórí fóltì 24, ámpíà méjì àbọ̀ péré ni gílóòbù wáàtì 60 ń fa. Nítorí náà ni sítátà ṣe lè yí ẹnjìnnì dísù ńlá láìjẹ́ pé wáyà rẹ̀ nípọn jù.

Bátìrì kì í dá iná ṣe. Áltánétọ̀ ni ó ń ṣe iná nígbà tí ẹnjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń dá èyí tí sítátà lò padà sínú bátìrì. Ohun kékeré kan, rẹ́gúlétọ̀, tí àwọn rìwáyà àgbà ń pè ní kọ́táòtù, ni ó ń ṣọ́ ọ kí iná má baà pọ̀ jù. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tàbí wáyà àárín wọn bá ní àrùn, bátìrì ni yóò kú, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló jẹ̀bi.

BÍ A ṢE Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Ẹ má mu sìgá nídìí bátìrì, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gba iná lè gbiná. Ẹ bọ́ òrùka ọwọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tú bátìrì, ẹ kọ́kọ́ tú wáyà tí ó lọ sí ara férémù. Òun náà ni ẹ ó so kẹ́yìn.

Èkíní: Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kí ẹ wọn bátìrì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kún yóò jẹ́ nǹkan bíi fóltì 12.6, èyí tí ó wà ní 12.2 ti dé ìdajì. Èyí tí kò tó 12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ bá ju fóltì 0.2 lọ, ìdí kan wà níbẹ̀.

Èkejì: Ẹ wo bẹ́líìtì. Bí ó bá dẹ̀ tàbí tí ó ń dán, yóò máa yọ̀, áltánétọ̀ kò ní yí tó. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì ṣíná: iná pupa ti ṣáàjì gbọ́dọ̀ tàn, kí ó sì kú nígbà tí ẹnjìnnì bá ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí gílóòbù kékeré yìí bá ti jó, áltánétọ̀ lè má jí.

Ẹ̀kẹta: Ẹ ṣíná, ẹ tẹ iná ẹnjìnnì díẹ̀, kí ẹ wọn bátìrì méjèèjì pọ̀. Fóltì 27.5 sí 28.5 ni ó dára. Bí ó bá kọjá 29, rẹ́gúlétọ̀ kò ṣọ́ ilé mọ́: omi bátìrì yóò máa hó, gílóòbù yóò máa jó. Bí kò bá tó 27, ẹ lọ sí ẹ̀kẹrin.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ wọn ara áltánétọ̀ fúnra rẹ̀, láti ojú ibi tí iná ti ń jáde sí ara irin rẹ̀. Bí ibẹ̀ náà bá kéré, àrùn wà lára áltánétọ̀ tàbí rẹ́gúlétọ̀. Bí ibẹ̀ bá dára tí ti bátìrì kéré, iná ń sọnù lójú ọ̀nà.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ wá ibi tí ó ti ń sọnù. Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀, kí ẹnjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan lé orí pọ́sítíìfù bátìrì tí ó ṣíwájú, èkejì lé ojú tí iná ti ń jáde lára áltánétọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀kan lé orí nẹ́gétíìfù tí ó lọ sí férémù, èkejì lé irin ara áltánétọ̀. Iye tí mítà bá kọ ni iye tí ń sọnù. Ní ọ̀nà kìíní kò yẹ kí ó ju 0.5 lọ, ní ọ̀nà kejì, ti ilẹ̀, kò yẹ kí ó ju nǹkan bíi 0.2 tàbí 0.3.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú orí bátìrì nígbà tí ẹnjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán áltánétọ̀ wò. Àṣà yìí pọ̀ lójú títì. Iná tí yóò ru sókè lójijì lè ba dáyóòdù àti rẹ́gúlétọ̀ jẹ́ pátápátá.

OHUN TÍ A RÍ

Lára áltánétọ̀, fóltì 28.1. Lórí bátìrì méjèèjì pọ̀, 26.3. Ọ̀nà pọ́sítíìfù pàdánù 0.2 péré. Ọ̀nà ilẹ̀ pàdánù 1.6! Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní ẹ ń wo òkè, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. A wọ abẹ́ lọ́rì. Omi yìnyín àti omi ẹja ti ń kán sórí bóòtù tí ó de wáyà ilẹ̀ mọ́ férémù fún ìgbà pípẹ́, ìpẹtà sì ti bò ó. A tú u, a fi sáńpépà há a títí irin fi funfun, a dè é le, a sì fi gíríìsì bò ó. Fóltì orí bátìrì gòkè di 27.8.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní òwúrọ̀, kí a tó ṣe nǹkan kan, bátìrì kan jẹ́ 12.5, èkejì 11.9. A tọ wáyà tín-ín-rín kan lọ, a rí i pé awakọ̀ ti fa fóltì 12 láti ara bátìrì kan ṣoṣo fún rédíò àti gílóòbù tí wọ́n fi ń kó ẹja lóru. Kò ní èrò burúkú. Ṣùgbọ́n bátìrì yẹn ń ṣiṣẹ́ méjì, ebi sì ń pa á. Bí a bá sì fún àwọn méjèèjì ní iná pọ̀, èkejì ni yóò yó jù. Nígbà tí èyí tí ebi ń pa bá kú, wọ́n a ra ọ̀kan ṣoṣo, wọ́n a so tuntun mọ́ ògbólógbòó, àgbà a sì fa ọmọ lulẹ̀. Bí bátìrì mẹ́fà ṣe lọ nìyẹn.

A gé wáyà náà. Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tí ń sọ fóltì 24 di 12 fún rédíò. Wọ́n gbé bátìrì méjèèjì lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n lè kún dọ́gba.

Ní ìpàdé gbogboogbò, a ka iye tí mítà kọ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé, a sì gbé bóòtù tí ó pẹtà náà sórí tábìlì. Akápò kò sọ̀rọ̀. Ó kàn bo ojú rẹ̀. Ìyá àgbà kan tí ó ti sọ̀rọ̀ sí i jù ni ó kọ́kọ́ dìde láti tọrọ àforíjì. Àwa náà kọ́gbọ́n níbẹ̀: rìsíìtì lè sọ ohun tí a rà fún wa, kò lè sọ ìdí tí a fi rà á.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌGBÌMỌ̀

1. Ẹ ní ìwé ọkọ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí awakọ̀ kọ fóltì bátìrì kọ̀ọ̀kan kí ó tó ṣíná, àti ti méjèèjì lẹ́yìn tí ó bá ṣíná.
2. Kí akápò má sanwó bátìrì láìrí àbọ̀ àyẹ̀wò.
3. Bí ẹ bá ra bátìrì, ẹ ra méjì, irú kan náà, lọ́jọ́ kan náà.
4. Ẹ máa tú bóòtù ilẹ̀ wò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, pàápàá ọkọ̀ tí ń kó ẹja.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ OṢÙ

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó kú àti ohun tí ó pa á? Nínú ìwé ẹgbẹ́ yín, ohun wo ni ẹ ń rà lérà-lérà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bèèrè ìdí rẹ̀? Bí ẹ bá ní ìfura sí òṣìṣẹ́ yín kan, ta ni ó ti wo abẹ́ ọkọ̀?