Bátìrì tí Ń Kú Lónìí, tí Ó Ń Jí Lọ́la: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Awakọ̀ Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Díẹ̀ ni awakọ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí kò tíì bá àrùn yìí pàdé. A ti di epo pupa àti púpurú sínú ọkọ̀ ní Òkìtìpupa tàbí ní Òde-Ìrèlè, èrò ti jókòó, awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò dáhùn. A tì í, ó jí, ó sì rìn dé Òrè láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, iná iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lálẹ́ lójú ọ̀nà Igbókòdá. Olówó ọkọ̀ ra bátìrì titun. Kí oṣù tó yí, àrùn náà ti padà dé; owó ti lọ, ẹ̀bi kò sì sí lọ́rùn bátìrì tí ó sọ nù.

Àwọn àgbà ní, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Àrùn ọkọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ibi pàtó tí ó fara pamọ́ sí. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ fi yé ènìyàn ni pé kí a wá ibẹ̀ rí kí a tó náwó, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ná ni ní kọ́bọ̀.

IṢẸ́ BÁTÌRÌ ÀTI IṢẸ́ ALTERNATOR

Bátìrì kì í ṣe orísun iná ọkọ̀. Ibi ìpamọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò omi inú ilé. Gaston Planté, ará ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí, tí a fi òjé àti ásíìdì ṣe, ní ọdún 1859. Nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, bátìrì ni ó ń fún sítátà ní agbára láti jí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, alternator, tí bẹ́líìtì ń yí, ni ó ń bọ́ gbogbo iná ọkọ̀, tí ó sì ń dá ohun tí a bù nínú bátìrì padà sí i.

Ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò pọnmi sí yóò gbẹ, bí ó ti wù kí ó tóbi tó. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu kò ní kún, bí odò tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Nítorí náà, ibi mẹ́rin ni a ní láti wò: bátìrì fúnra rẹ̀, alternator tí ń bọ́ ọ, wáyà tí ó so wọ́n pọ̀, àti ibi tí iná lè máa jò sí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró.

ÌGBÀ TÍ ÀRÙN NÁÀ Ń YỌJÚ

Oníṣègùn rere a máa bi aláìsàn léèrè kí ó tó já ewé. Kí awakọ̀ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìgbà tí ọkọ̀ ń ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ pé òwúrọ̀ nìkan ni ó ń kọ̀, lẹ́yìn tí ó ti sùn mọ́jú, ó lè jẹ́ pé bátìrì ti gbó, tàbí pé iná ń jò lóru. Bí ó bá kọ̀ pátápátá, tí a fi ọwọ́ mi wáyà orí bátìrì, tí ó sì jí lójú ẹsẹ̀, wáyà náà kò fún dáadáa. Bí bẹ́líìtì bá ń han gooro lẹ́yìn òjò, tí iná pupa tí ó ní àwòrán bátìrì sì ń ṣẹ́jú, bẹ́líìtì ti dẹ̀ tàbí ó ti jẹ. Bí iná pupa náà bá ń tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná nìkan, inú alternator ni kí a fura sí. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú kòtò ọ̀nà ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, wáyà kan ti tú tàbí ó ti fẹ́ já.

OHUN TÍ OJÚ ÀTI ỌWỌ́ LÈ RÍ

Kí a pa ọkọ̀, kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti bo orí bátìrì, iná kò ní í kọjá dáadáa. Kí a kọ́kọ́ tú wáyà ẹ̀gbẹ́ tí a kọ àmì ìyọkúrò (−) sí, lẹ́yìn náà ti ẹ̀gbẹ́ àmì àròpọ̀ (+). Kí a fi omi tí a yọ́ baking soda sí fọ̀ ọ́, kí omi náà má ṣe wọ inú bátìrì, kí a nù ún gbẹ, kí a sì dè é le. Bí a bá ń dá wọn padà, ti àmì àròpọ̀ ni a ó kọ́kọ́ dè.

Kí a tọ wáyà ẹ̀gbẹ́ ìyọkúrò dé ibi tí a ti dè é mọ́ ara ọkọ̀ àti mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rẹ̀ àti ìpẹtà a máa ba ibẹ̀ jẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í wò ó. Kí a tún wo bẹ́líìtì bóyá ó ti sán. Bí bátìrì bá jẹ́ irú èyí tí a ń ṣí, omi bátìrì nìkan ni kí a fi kún un, kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe ásíìdì.

OHUN TÍ MÍTÀ YÓÒ SỌ

Mítà kékeré kan wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí a ń pè ní riwáyà. Kí a wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ bá ti sinmi fún wákàtí mélòó kan. Bí ó bá tó fólítì 12.6, ó kún. Bí ó bá jẹ́ 12.2, ó ti tó ìdajì. Bí ó bá jẹ́ 12 tàbí kí ó dín, ebi ń pa á gidigidi. Bí bátìrì tí ó kún bá já sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí a ń ṣáná sí ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti gbó.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó yẹ kí mítà fi nǹkan bí 13.8 sí 14.5 hàn lórí bátìrì. Bí ó bá dúró sí 12, tí ó sì ń lọ sílẹ̀, ohunkóhun kò wọ inú bátìrì. Bí ó bá kọjá 15, alternator ń sun bátìrì. Àwọn ọkọ̀ òde òní kan wà tí kọ̀ǹpútà inú wọn ń gbé iye yìí sókè sódò. Kí a bi ẹni tí ó mọ irú wọn.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí a wọn ọkọ̀ ní ìgbà tí àrùn náà bá wà lára rẹ̀. Bí alternator bá fi 14.3 hàn lẹ́nu ibi tí iná ti ń jáde, tí bátìrì sì fi 12.4 hàn ní wákàtí kan náà, àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi. Wáyà àárín wọn ni ọ̀daràn.

INÁ TÍ Ń JÒ LÓRU

Bí a bá pa gbogbo nǹkan, tí a ti ìlẹ̀kùn, tí a sì dúró fún nǹkan bí wákàtí kan, iná tí ọkọ̀ ń mu kò yẹ kí ó ju nǹkan bí 0.05 ámpíà lọ. Bí ó bá ń mu ìdajì ámpíà, yóò mu 12 nínú bátìrì 60 láàrin wákàtí 24. Ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ti mu ju ìdajì lọ. Riwáyà yóò máa yọ fúùsì níkọ̀ọ̀kan títí mítà yóò fi wálẹ̀. Fúùsì tí ó mú un wálẹ̀ ni yóò tọ́ka sí ibi tí iná ń jò. Rédíò tàbí iná àfikún tí a so mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tí a rà á ni ó sábà máa ń fa èyí.

ÈÈWỌ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ wáyà bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán alternator wò. Agbára iná lè fò sókè lójijì, kí ó sì ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Kí a má ṣe mu sìgá tàbí tan ìṣáná nítòsí bátìrì, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ń ti inú rẹ̀ jáde lè bú gbàmù. Kí a jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù pẹ̀lú agbádá tàbí ìró.

Bí bátìrì bá ti kú ní tòótọ́, kí a dá a padà fún ẹni tí ń tà á, kí a má ṣe fọ́ ọ nínú àgbàlá. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá ìlú Dakar ní ilẹ̀ Senegal, ọmọdé 18 ni ó kú láàrin oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, níbi tí a ti ń yọ òjé kúrò nínú bátìrì àlòkù.

Ọkọ̀ tí ó gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru kò gbọdọ̀ kú sójú ọ̀nà nítorí ìyẹ̀fun orí bátìrì tí omi àti àkísà ìbá fọ̀ dànù. Ẹni tí ó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti dáàbò bo owó rẹ̀ àti ẹ̀mí èrò rẹ̀.