OMI KÀǸGA TÍ ỌṢẸ KÌ Í HÓ NÍNÚ RẸ̀



Àwọn ìyá máa ń bi wá pé: "Àfáà, omi kàǹga yìí mọ́ gaara, kí ló dé tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀? Ṣé a lè fi ṣe àlùwàlá?" Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dáhùn èkejì. Nínú fíqíhì Málíkì tí à ń kọ́ ní ilé-kéwú, bí ohun inú ilẹ̀ tí omi gbé wà bá yí i padà, ìbáà ṣe amọ̀ tàbí iyọ̀ ilẹ̀, omi náà ṣì mọ́, ó sì tó fi ṣe ìmọ́ra. Ìdáhùn èkíní wà nínú ẹ̀kọ́ kẹ́místrì. Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá, al-kímíyáà, ni orúkọ ẹ̀kọ́ náà ti wá. Kí ọmọ kéwú má ṣe sọ pé kì í ṣe tòun.

Bí omi òjò bá wọlẹ̀ gba àárín òkúta ẹfun kọjá, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò àti Ṣágámù fi ṣe sìmẹ́ńtì, yóò yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra. Ohun tí ó ń kó ni kálísíọ́ọ̀mù àti mágínísíọ́ọ̀mù. Àwọn méjèèjì ní í gbá ọṣẹ mú kí ó tó hó. Omi líle ni à ń pe irú omi bẹ́ẹ̀. Ojú kò lè mọ bí ó ṣe le tó, àfi kí a wọ̀n ọ́n. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é:

1. Ẹ fi pípẹ́ẹ̀tì wọn omi náà 50 mL sínú ìgò. Ẹ má fi ẹnu fà á.
2. Ẹ fi oògùn amóníà díẹ̀ sí i kí pH rẹ̀ lè jẹ́ 10, kí ẹ sì kán Eriochrome Black T sí i. Omi náà yóò pọ́n.
3. Ẹ rọ EDTA 0.01 M sínú búrẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa kán an sínú ìgò, kí ẹ máa mi ìgò náà.
4. Bí pípọ́n náà bá tán pátápátá, tí omi di búlúù bí aró, ẹ dúró. Ẹ ka iye EDTA tí ó lọ. Ẹ tún un ṣe títí iye méjì yóò fi bára mu.

Ìdí rẹ̀ ni pé EDTA lágbára láti di kálísíọ́ọ̀mù mú ju oògùn àwọ̀ náà lọ. Ìgbà tí ó bá gba gbogbo rẹ̀ tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọ̀ ń yí.

Ẹ wá fi 20 sọ iye náà di púpọ̀. Ká ní 11 mL ló lọ: 11 × 20 = 220 mg nínú lítà kan. Omi tí kò ju 60 lọ rọ̀; 61 sí 120 le díẹ̀; 121 sí 180 le; èyí tí ó ju 180 lọ le gan-an.

Ẹ̀yin òbí, líle omi kì í ṣe májèlé, ọṣẹ ni ó ń jẹ. Ẹ fi omi òjò fọṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ìwọ̀n yìí kò lè rí kòkòrò àrùn. Kàǹga tí ó wà nítòsí ṣáláńgá lè rọ̀, kí ọṣẹ máa hó nínú rẹ̀ dáadáa, kí ó sì fa àìsàn. Ẹ sè é kí ẹ tó mu ún.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní. Àmín.